Ẹ̀rí Ìyá: Jẹ́nóòmù Máítòkọ́ńdíríà Àfòpiná àti Ìbátan Àwọn Kòkòrò

Ìsọ̀rí tí labalábá àti àfòpiná jọ wà nínú rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ìsọ̀rí kòkòrò tí ó tóbi jùlọ láyé, nítorí pé iye ẹ̀yà tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti fún lórúkọ nínú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 160,000, tí ó sì jẹ́ pé nǹkan bí 18,000 péré nínú wọn ni labalábá, tí gbogbo ìyókù jẹ́ àfòpiná, ìyẹn àwọn tí ń fò lóru ní ọ̀pọ̀ ìgbà, tí wọ́n sì máa ń ṣù bo iná fìtílà. Ohun tí ó pa gbogbo wọn pọ̀ ni ìpẹ́ wẹ́wẹ́ tí ó bo ìyẹ́ wọn, èyí tí ó máa ń ṣí lẹ̀ mọ́ ọmọ ìka nígbà tí ènìyàn bá fọwọ́ mú wọn. Ṣùgbọ́n bí ó bá di pé kí á to ẹ̀yà tí ó pọ̀ tó báyìí sí agboolé agboolé, kí á sì mọ ìgbà tí àwọn baba ńlá wọn pínyà, ìpẹ́ kò lè dá ẹjọ́ náà. Àwọ̀ ìyẹ́ pẹ̀lú kò ṣeé gbára lé, nítorí pé àfòpiná méjì tí kò bá ara wọn tan lè ní àwọ̀ kan náà bí ó bá jẹ́ pé ara èèpo igi kan náà ni àwọn méjèèjì ń sá pamọ́ sí kí ẹyẹ má baà rí wọn, nígbà tí àwọn méjì tí ó jẹ́ ẹbí tímọ́tímọ́ lè yàtọ̀ síra pátápátá. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, iṣan inú ìyẹ́, ẹ̀yà ara tí akọ àti abo fi ń gùn, ẹnu, àti ìrísí ìdin wọn ni àwọn onímọ̀ fi ń ṣe ìpínsọ́tọ̀ yìí, iṣẹ́ náà sì dára débi pé púpọ̀ nínú rẹ̀ ṣì dúró títí di òní. Ibi tí àwọn ẹ̀rí wọ̀nyí bá ti tako ara wọn ni wàhálà wà, nítorí pé kò sí ẹni tí yóò làjà. Láti nǹkan bí ogójì ọdún sí ìsinsìnyí ni ẹlẹ́rìí mìíràn ti jáde, inú sẹ́ẹ̀lì kòkòrò náà fúnra rẹ̀ ni ó sì ti jáde.

Sẹ́ẹ̀lì ni ẹyọ tí ó kéré jùlọ tí ó para pọ̀ di ara gbogbo ohun abẹ̀mí, inú rẹ̀ ni a sì ti ń rí àwọn nǹkan kéékèèké tí a ń pè ní máítòkọ́ńdíríà, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti fi ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ yọ agbára jáde láti inú oúnjẹ. Àfòpiná kò lè fò láìsí wọn, nítorí iṣan tí ń gbé ìyẹ́ kún fún wọn fọ́fọ́. Ohun tí ó ṣe àjèjì nípa wọn ni pé wọ́n ní DNA tiwọn, ìyẹn fọ́nrán kẹ́míkà tí ìtọ́ni bí ara yóò ṣe rí wà lára rẹ̀, èyí sì yàtọ̀ sí DNA inú kókó sẹ́ẹ̀lì, ibi tí ọ̀pọ̀ jùlọ ìtọ́ni ara wà. Ní ọdún 1967 ni obìnrin onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, Lynn Margulis, kọ ọ́ jáde pé bakitéríà tí ń dá gbé ni baba ńlá máítòkọ́ńdíríà, pé sẹ́ẹ̀lì mìíràn ni ó gbé e mì láyé àtijọ́ tí kò sì dà nínú rẹ̀, tí àwọn méjèèjì fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé pọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ yínmú sí ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n inú ìwé bàyọ́lọ́jì ni a ti ń kọ́ ọ lónìí, ọ̀kan lára ohun tí ó sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé DNA máítòkọ́ńdíríà ọ̀pọ̀ ẹranko rí roboto, kò níbẹ̀rẹ̀, kò lópin, gẹ́gẹ́ bí ti bakitéríà, nígbà tí ti inú kókó sẹ́ẹ̀lì jẹ́ fọ́nrán gbọọrọ tí ó ní orí àti ìdí.

Ọ̀dọ̀ ìyá nìkan ni ọmọ ti ń jogún DNA máítòkọ́ńdíríà ní ọ̀pọ̀ jùlọ ẹ̀dá, nítorí pé ẹyin ìyá ni ó kún fún máítòkọ́ńdíríà, àwọn díẹ̀ tí ó bá sì bá àtọ̀ wọlé kì í pẹ́ parun. Nínú ìdílé olórogún, iyèkan ni àwọn tí ìyá kan náà bí, ọbàkan sì ni àwọn tí baba nìkan pa pọ̀; bí a bá fi ojú yẹn wo ọ̀rọ̀ yìí, DNA máítòkọ́ńdíríà jẹ́ ẹlẹ́rìí tí ó mọ iyèkan dáadáa láti ìran dé ìran, ṣùgbọ́n tí kò mọ ohunkóhun nípa ọbàkan. Àǹfààní tí ó wà níbẹ̀ ni pé kì í dàpọ̀ mọ́ ti baba, nítorí náà ìtàn rẹ̀ máa ń lọ tààrà láti ọ̀dọ̀ ọmọ dé ọ̀dọ̀ ìyá àti ìyá ìyá, títí dé ìgbà tí kò sí ènìyàn láyé rárá. Àléébù rẹ̀ kò jìnnà sí àǹfààní yìí, yóò sì hàn níwájú pé kì í ṣe àléébù kékeré.

Jẹ́nóòmù ni a ń pe àpapọ̀ gbogbo DNA tí ó wà ní ojú kan, jíìnì sì ni a ń pe ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ tí ó ní iṣẹ́ tirẹ̀. Kẹ́míkà mẹ́rin ni a fi hun DNA, lẹ́tà A, T, G àti C ni àwọn onímọ̀ sì fi ń dúró fún wọn lórí ìwé, tí ó fi jẹ́ pé kíka DNA kò ju pé kí á mọ bí àwọn lẹ́tà mẹ́rin yìí ṣe tò tẹ̀lé ara wọn lọ. Ní Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti kọ́kọ́ ka gbogbo jẹ́nóòmù máítòkọ́ńdíríà ènìyàn tán ní ọdún 1981, lẹ́tà 16,569 ni wọ́n sì bá nínú rẹ̀. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn èyí ni ó kan kòkòrò, nígbà tí Clary àti Wolstenholme ka ti Drosophila yakuba, ẹ̀yà eṣinṣin èso kan tí ó jẹ́ ti ilẹ̀ Áfíríkà, tí wọ́n sì bá lẹ́tà 16,019. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ka ti ẹgbẹẹgbẹ̀rún kòkòrò, ti àfòpiná sì pọ̀ jọjọ nínú wọn. Lára àfòpiná, òrùka DNA roboto yìí sábà máa ń wà láàárín lẹ́tà 15,000 sí 16,500, jíìnì 37 ni ó sì wà lórí rẹ̀, iye kan náà tí ó wà lára ti ènìyàn: 13 nínú wọn ni ìtọ́ni fún purotéènì tí ń kópa nínú yíyọ agbára, 22 jẹ́ ti àwọn RNA kékeré, ìyẹn kẹ́míkà tí ó jọ DNA, tí ń gbé èròjà tí a fi ń ṣe purotéènì wá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, 2 tí ó kù sì jẹ́ ti ibi tí wọ́n ti ń to àwọn èròjà náà pọ̀. Yàtọ̀ sí ìwọ̀nyí, ojú kan wà lórí òrùka náà tí kò ní jíìnì rárá, tí ó jẹ́ pé A àti T ni ó kún ibẹ̀, ibẹ̀ sì ni òrùka náà ti ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ó bá fẹ́ ṣe ẹ̀dà ara rẹ̀.

Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo láti ara àfòpiná gbígbẹ tó fún iṣẹ́ kíkà yìí. Ẹni tí ń ṣe é á fi ẹ̀mú tẹ́ẹ́rẹ́ já ẹsẹ̀ náà kúrò lára kòkòrò tí wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ kàn mọ́ inú àpótí ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-pamọ́-sí, á gún un kúnná nínú ìgò oníke kékeré tí gígùn rẹ̀ kò tó ti ọmọ ìka, á sì da omi kan lé e tí ń yọ́ purotéènì, tí yóò wà ní ibi lílọ́wọ́ọ́wọ́ mọ́jú. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, á da omi náà gba inú asẹ́ kékeré kan tí DNA máa ń lẹ̀ mọ́, á fi ọtí ògidì fọ ìdọ̀tí kúrò, á sì wá fi omi mímọ́ díẹ̀ ṣan DNA náà sílẹ̀. Ohun tí ó kù nínú ìgò kò ṣeé fojú rí mọ́ nígbà yẹn. DNA kòkòrò tí ó ti kú pẹ́ ti já wẹ́wẹ́, nítorí náà ègé kúkúrú kúkúrú ni ẹ̀rọ ń rí kà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè máà ju lẹ́tà 150 lọ, kọ̀ǹpútà ni ó sì ń wá ibi tí ìparí ègé kan ti bá ìbẹ̀rẹ̀ òmíràn mu, tí yóò máa so wọ́n pọ̀ títí ìparí gbogbo rẹ̀ yóò fi padà wá bá ìbẹ̀rẹ̀, tí òrùka yóò sì pé. Ìdí tí èyí fi ń ṣeé ṣe ni pé nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá ní ẹ̀dà méjì péré ti DNA inú kókó rẹ̀, ó lè ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún tàbí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀dà ti máítòkọ́ńdíríà, tí ó fi jẹ́ pé àfòpiná tí wọ́n ti mú láti ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn ṣì ní ohun tí ó lè sọ.

Kì í ṣe gbogbo òrùka náà ni a ní láti kà nígbà gbogbo. Ní ọdún 2003, Paul Hebert àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Guelph ní Kánádà dá a lábàá pé ègé kan láti inú jíìnì tí a ń pè ní COI, tí gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bí lẹ́tà 650 lọ, tó láti fi dá ẹ̀yà ẹranko kọ̀ọ̀kan mọ̀, àfòpiná sì wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ fi dán an wò. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ọ̀nà yìí, pẹ̀lú oúnjẹ àti ìrísí ìdin, ni wọ́n fi sọ pé labalábá kan ní Costa Rica, Astraptes fulgerator, tí gbogbo ayé ti ń pè ní ẹ̀yà kan ṣoṣo, jẹ́ ẹ̀yà mẹ́wàá. Iṣẹ́ ńlá ni èyí. Síbẹ̀, dídá ẹ̀yà mọ̀ yàtọ̀ sí mímọ agboolé tí ẹ̀yà náà ti wá, àwọn tí wọ́n sì sọ pé ègé COI yóò parí gbogbo ọ̀rọ̀ sọ àsọdùn, nítorí pé ègé kékeré bẹ́ẹ̀ lè ya ẹ̀yà méjì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pínyà sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n bí ìpínyà bá ti pẹ́ tó ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù ọdún, ọ̀pọ̀ lẹ́tà rẹ̀ yóò ti yí padà léraléra débi pé àpá àtijọ́ yóò ti parẹ́. Èyí ni ó mú kí àwọn tí ń wá ìbátan tí ó jinlẹ̀ máa ka òrùka náà tán.

Kòkòrò sílíkì, Bombyx mori, fi ohun tí kíkà náà lè ṣe hàn. Nǹkan bí 5,000 ọdún ni àwọn ará Ṣáínà ti ń sìn ín, wọ́n sì ti sìn ín débi pé àgbà rẹ̀ kò lè fò mọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni ìbátan rẹ̀ tí ó wà nínú igbó, Bombyx mandarina, ṣì ń fò káàkiri ní Ṣáínà, Kòríà àti Jàpáànù. Ní ọdún 2002 ni àwọn onímọ̀ ní Jàpáànù fi òrùka máítòkọ́ńdíríà kòkòrò sílíkì wé ti mandarina ilẹ̀ tiwọn, tí wọ́n sì rí i pé ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì pọ̀ ju bí wọ́n ti rò lọ. Nígbà tí wọ́n wá ka ti mandarina ilẹ̀ Ṣáínà, ọ̀rọ̀ náà yé wọn: ti Ṣáínà àti kòkòrò sílíkì sún mọ́ ara wọn ju bí èkíní ti sún mọ́ mandarina Jàpáànù lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ kan náà ni wọ́n fún mandarina méjèèjì. Kurómósóómù, ìyẹn àwọn ìdì tí DNA inú kókó sẹ́ẹ̀lì pín sí, jẹ́rìí kan náà, nítorí pé oríṣi 28 ni ó wà lára kòkòrò sílíkì àti mandarina Ṣáínà, tí ó sì jẹ́ 27 lára ti Jàpáànù. Ará Ṣáínà ni ìyá ńlá kòkòrò sílíkì, gẹ́gẹ́ bí ìtàn ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀.

Bí lẹ́tà ti ń yí padà, bẹ́ẹ̀ ni ipò tí àwọn jíìnì tò sí lórí òrùka máa ń yí padà, ṣùgbọ́n èyí kì í ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́, nítorí náà ó níye lórí púpọ̀ nígbà tí ó bá ṣẹlẹ̀. Ìlànà tí àwọn onímọ̀ ń tẹ̀lé ni pé ohun àtijọ́ tí ẹ̀yà méjì jọ dì mú láìyí padà kì í ṣe ẹ̀rí pé wọ́n tan mọ́ra ju àwọn yòókù lọ. Ohun tuntun tí wọ́n jọ ní, tí kò sí lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ni ẹ̀rí. Lára ọ̀pọ̀ kòkòrò, láti orí eṣinṣin dé orí tata, jíìnì kékeré mẹ́ta kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú òrùka tí kò ní jíìnì, lẹ́tà I, Q àti M ni a sì fi ń dá wọn mọ̀, bí wọ́n sì ti tò nìyẹn: I, lẹ́yìn náà Q, lẹ́yìn náà M. Lára ọ̀pọ̀ jùlọ àfòpiná àti gbogbo agbo labalábá, M ni ó kọ́kọ́ wá, tí I àti Q tẹ̀lé e. Bí ìyípòpadà yìí ṣe wáyé kò ṣòro láti rò. Nígbà tí òrùka náà ń ṣe ẹ̀dà ara rẹ̀, ó ṣèèṣì kọ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó wá di I, Q, M, I, Q, M. Nígbà tí ẹ̀dà méjì wà fún iṣẹ́ kan, ọ̀kan lè bàjẹ́ láìsí ewu. I àti Q ti àkọ́kọ́ bàjẹ́, M ti ìkejì náà bàjẹ́, ohun tí ó ṣẹ́kù sì jẹ́ M, I, Q. Àṣìṣe kan tí ó ṣẹlẹ̀ lára ìyá kan láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn ni àwọn àrọ́mọdọ́mọ rẹ̀ ń gbé kiri títí di òní.

Ìbéèrè tí ó wá kù ni pé àwọn wo ni ó pínyà kí àṣìṣe náà tó ṣẹlẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ wá láti orí òkè gíga Tíbẹ́ẹ̀tì, níbi tí àfòpiná kan tí ń jẹ́ Thitarodes ń gbé, tí ìdin rẹ̀ ń jẹ gbòǹgbò lábẹ́ ilẹ̀, tí olú kan, Ophiocordyceps sinensis, sì máa ń wọ inú ara rẹ̀, tí yóò pa á, tí yóò sì hù jáde láti orí rẹ̀. Oògùn olówó iyebíye ni ìdin àti olú yìí jẹ́ nínú ìṣègùn ìbílẹ̀ Ṣáínà, òkìkí yìí sì wà lára ohun tí ó mú kí wọ́n fẹ́ mọ̀ nípa kòkòrò náà. Nígbà tí wọ́n ka òrùka ẹ̀yà méjì nínú rẹ̀, tí wọ́n sì gbé e jáde ní ọdún 2012, I, Q, M ni wọ́n bá níbẹ̀, ìtò àtijọ́, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà lára eṣinṣin. Èyí bá ohun tí ìyẹ́ àti ẹ̀yà ìbímọ wọn ti ń sọ mu, pé agboolé Thitarodes ti ya kúrò lára ìyókù láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Síbẹ̀, ìtò jíìnì lè ya wèrè nígbà mìíràn: lára iná tí ń mu ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, òrùka kan ṣoṣo náà ti fọ́ sí nǹkan bí 20 òrùka kéékèèké, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì gbé jíìnì díẹ̀ dání.

Bí a bá kó ẹ̀rí lẹ́tà àti ẹ̀rí ìtò pọ̀, àwòrán tí ó jáde yàtọ̀ sí èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní lọ́kàn. Labalábá kì í ṣe ìsọ̀rí tí ó dúró gedegbe ní ẹ̀gbẹ́ kan tí àfòpiná dúró ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Àárín àwọn àfòpiná ni ó wà, ẹ̀ka kan ni ó jẹ́ lára igi wọn, ẹ̀ka tí ó kúrò nínú fífò lóru tí ó sì ń fò lọ́sàn-án. Ìwádìí ńlá kan tí ó jáde ní ọdún 2019, èyí tí ó lo jíìnì 2,098 láti inú kókó sẹ́ẹ̀lì ẹ̀yà 186, fi ìbẹ̀rẹ̀ gbogbo ìsọ̀rí náà sí nǹkan bí 300 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, ó sì fi ti labalábá sí nǹkan bí 98 mílíọ̀nù ọdún. Ní ilẹ̀ olóoru Amẹ́ríkà, ìdílé kan wà tí ń jẹ́ Hedylidae, tí ń fò lóru, tí gbogbo ìrísí rẹ̀ jẹ́ ti àfòpiná, DNA sì fi hàn pé labalábá ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kan aṣọ ilẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú. Sányán, aṣọ òkè aláwọ̀ ilẹ̀ fífúyẹ́ tí àwọn àgbà ń wọ̀ lọ síbi ayẹyẹ, ara ìtẹ́ àfòpiná inú igbó tí ń jẹ́ Anaphe ni òwú rẹ̀ ti ń wá. Ìdin Anaphe kì í dá gbé. Ọ̀pọ̀ wọn ni ó ń para pọ̀ hun àpò ńlá kan sára igi, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò sì wá hun ilé tirẹ̀ sínú àpò náà. Àwọn tí ń ṣe òwú sányán máa ń fi omi eérú se àpò náà kí ó lè rọ̀, wọ́n á sì wá fi ọwọ́ ran án bí wọ́n ti ń ran òwú, nígbà tí ìdin kòkòrò sílíkì Ṣáínà ń dá ilé tirẹ̀ hun ní fọ́nrán kan ṣoṣo tí a lè tú fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún mítà láìjá. Ẹni tí ó bá fi òwú wọn ṣe ìdájọ́ yóò pè wọ́n ní ẹbí kan, kò sì rí bẹ́ẹ̀. Inú ẹbí ńlá Noctuoidea ni Anaphe wà, ìdílé Notodontidae ni tirẹ̀. Ìbátan rẹ̀ kan ní Ọsirélíà, Ochrogaster lunifer, tí òun náà ń fi òwú hun àpò àjọgbé, ni wọ́n ka òrùka rẹ̀ tí wọ́n sì gbé e jáde ní ọdún 2008, lẹ́tà 15,593 ni ó sì ní. Kòkòrò sílíkì wà nínú ẹbí ńlá mìíràn, Bombycoidea. Kòkòrò tí ó tan mọ́ Anaphe jù ú lọ ni àfòpiná àjèjì tí ń ba àgbàdo jẹ́ lóko ní ìsinsìnyí, tí a óò sọ̀rọ̀ rẹ̀ níwájú, nítorí pé Noctuoidea ni òun náà. Bí aláṣọ bá gbọ́ èyí, inú rẹ̀ lè máà dùn.

Ẹ̀rí òrùka yìí ní ibi tí ó ti máa ń tàsé. Lára àfòpiná, bí a bá ka lẹ́tà 100, nǹkan bí 80 nínú wọn ni yóò jẹ́ A tàbí T, èyí sì túmọ̀ sí pé ìdílé méjì tí kò tan lè ṣèèṣì ní lẹ́tà kan náà ní ojú kan náà, kìkì nítorí pé lẹ́tà tí ó wà nílẹ̀ kò pọ̀. Bí ìyípadà bá tún wá ń yára lára àwọn méjèèjì, kọ̀ǹpútà yóò so wọ́n pọ̀ bí ọmọ ìyá. Irú èyí ni ó ṣẹlẹ̀ sí Strepsiptera, àwọn kòkòrò wíńníwínní tí ń gbé inú ara oyin àti agbọ́n, tí àwọn kan fi ègé DNA inú kókó sẹ́ẹ̀lì pàápàá so mọ́ eṣinṣin fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí gbogbo jẹ́nóòmù inú kókó sẹ́ẹ̀lì wọn fi dá ẹjọ́ náà ní ọdún 2012 pé àwọn kòkòrò oníkarawun líle, irú yímíyímí, ni ìbátan wọn. Ibòmíràn wà tí òrùka náà àti jíìnì inú kókó sẹ́ẹ̀lì ti jọ sọ ohun kan náà láìtàsé: pé ikán, tí a ti ń fún ní ìsọ̀rí tirẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, kò ju aáyán tí ń gbé pọ̀ nínú agbo lọ, ìbátan rẹ̀ tímọ́tímọ́ sì ni Cryptocercus, aáyán kan tí ń jẹ igi jíjẹrà nínú igbó Amẹ́ríkà àti Éṣíà.

Ewu kejì ni bakitéríà tí ń jẹ́ Wolbachia, tí Hertig àti Wolbach kọ́kọ́ rí lára ẹ̀fọn ní ọdún 1924. Inú ẹyin ni òun náà ti ń kọjá láti ara ìyá sí ọmọ, ó sì máa ń fi ọgbọ́n mú kí àwọn abo tí ó bá wà lára wọn bímọ ju àwọn yòókù lọ, nígbà mìíràn nípa pípa àwọn ọmọ tí ó jẹ́ akọ. Bí abo kan tí ó ní Wolbachia bá wọ inú agbo tuntun, àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ yóò máa pọ̀ sí i, máítòkọ́ńdíríà rẹ̀ yóò sì máa bá bakitéríà náà tàn ká, títí gbogbo agbo náà yóò fi máa gbé òrùka obìnrin kan tí ó lè jẹ́ ẹ̀yà mìíràn pàápàá, láìjẹ́ pé ìyókù ara wọn yí padà. Ẹni tí kò bá yẹ Wolbachia wò kó tó ka òrùka labalábá tàbí àfòpiná ń fi iṣẹ́ rẹ̀ ta tẹ́tẹ́ ni.

Ibi tí gbogbo èyí ti kan àgbẹ̀ ni ti Spodoptera frugiperda, àfòpiná ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí ìdin rẹ̀ ń wọ inú ọkàn ewé àgbàdo, tí yóò sì máa jẹ ẹ́ láti inú wá sí òde. Àgbẹ̀ lè fi ojú lásán dá a mọ̀, nítorí pé àmì funfun kan tí ó rí bíi Y tí a dorí rẹ̀ kodò wà níwájú orí rẹ̀, tóótòòtó dúdú mẹ́rin sì wà nítòsí ìdí rẹ̀ tí wọ́n tò sí igun mẹ́rin ọgbọọgba. Ní oṣù kìíní ọdún 2016 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i pé ó ń ba oko jẹ́ ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, kò sì pẹ́ tí ó fi dé oko àgbàdo ibùdó ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn IITA ní Ìbàdàn àti ní Ìkẹ́nnẹ́. Benin, Tógò àti erékùṣù São Tomé náà rí i ní ọdún kan náà. Ìwádìí tí wọ́n gbé jáde lọ́dún yẹn lo ègé òrùka máítòkọ́ńdíríà láti fi hàn pé ó kéré tán, ìlà ìyá méjì ni ó wà nínú àwọn tí wọ́n mú ní Nàìjíríà àti São Tomé, èyí tí ó jẹ́ kí ó dà bí ẹni pé kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni kòkòrò náà wọ ilẹ̀ Áfíríkà. Kí ọdún 2018 tó parí, ó ti dé orílẹ̀-èdè Áfíríkà tí ó ju 40 lọ.

Ní Amẹ́ríkà, oríṣi méjì ni kòkòrò yìí ní, tí ojú kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀: ọ̀kan fẹ́ràn àgbàdo àti ọkà bàbà, èkejì fẹ́ràn ìrẹsì àti koríko ìjẹ ẹran. Lẹ́tà díẹ̀ nínú COI ni a fi ń dá wọn mọ̀. Nígbà tí wọ́n ka COI àwọn tí wọ́n mú lórí àgbàdo nílẹ̀ Áfíríkà, ti oríṣi ìrẹsì ni ó wà lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, bẹ́ẹ̀ sì ni oko àgbàdo ni wọ́n ń run. Ìgbà tí wọ́n yẹ jíìnì mìíràn wò, Tpi, tí ó wà lórí kurómósóómù tí a ń pè ní Z, ni ọ̀rọ̀ náà fi yé wọn. Lára àfòpiná, abo ni ó ní kurómósóómù oríṣi méjì, Z àti W, tí akọ sì ní Z méjì, tí ó fi jẹ́ pé ọ̀dọ̀ baba ni ọmọbìnrin ti ń gba Z kan ṣoṣo tí ó ní, nígbà tí ó gba W àti máítòkọ́ńdíríà láti ọ̀dọ̀ ìyá. Tpi sọ pé ti àgbàdo ni wọ́n. Ní ìgbà kan rí, abo oríṣi ìrẹsì ti gùn pẹ̀lú akọ oríṣi àgbàdo, àwọn ọmọbìnrin wọn tún gùn pẹ̀lú akọ àgbàdo láti ìran dé ìran, tí ìyókù ara wọn fi di ti àgbàdo pátá, tí òrùka ìyá ńlá wọn nìkan sì ṣẹ́kù láti ìdílé ìrẹsì. Iyèkan àti ọbàkan ti ya lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ara kòkòrò kan ṣoṣo, ẹni tí ó bá sì gbọ́ tẹnu ìyá nìkan ì bá ti máa kìlọ̀ fún àwọn olóko ìrẹsì, nígbà tí olóko àgbàdo ni ewu wà lórí rẹ̀. Nígbà tí kòkòrò náà dé Íńdíà ní ọdún 2018, tí ó sì tàn ká Ṣáínà ní ọdún 2019, àìbáramu kan náà láàárín COI àti Tpi ni wọ́n bá lára ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀, èyí ni ó sì wà lára ohun tí àwọn onímọ̀ fi ń so àwọn ti Éṣíà mọ́ àwọn ti Áfíríkà.